Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Mi sí Ìyàwó Wa ní Hamburg

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Sátidé kò tíì lù tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ sí òpópónà Afrikanische, ní àdúgbò Wedding, nílùú Berlin. Oṣù kẹta ni, òtútù ṣì ń ta ni létí. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ rò pé ojoojúmọ́ ni yìnyín ń bọ́ níbí, kò sí yìnyín kankan lọ́jọ́ náà. Òjò winniwinni kan ló ń rọ̀, irú èyí tí èèyàn kì í kà sí, àfìgbà tó bá rí i pé gbogbo ẹ̀wù òun ti rin. Orúkọ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi sọ àwọn òpópónà àdúgbò wa. Togo wà níbẹ̀, Kóńgò wà níbẹ̀, Uganda náà ò gbẹ́yìn. Mo ti wá Ìkìrun títí, n kò rí i.

Bọ́sẹ̀ ni orúkọ mi. Ìwé ìtàn ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, kì í sì í ṣe tiwa. Ti àwọn ará Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh ni. Ohun tí mò ń wá nínú wọn ni bí wọ́n ṣe ń ni obìnrin lára nínú àwọn ìtàn náà: ta ló ń ni ín lára, kí ni wọ́n fi ń ni ín lára, báwo ló ṣe ń jáde. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tí wọ́n jọ máa ń kàwé ní Harburg, lápá gúúsù Hamburg, ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan tí obìnrin ará Bangladesh kan kọ. Ohun tó gbé mi dìde nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú báàgì mi, ojú ìwé méjìlá, mo ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ẹrù kejì kò sí nínú báàgì, ẹnu mi ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Ṣẹ́gun, ń gbé Hamburg kó tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó fi ìyàwó rẹ̀, Fúnmi, àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀. Ìròyìn ti wá dé Ìkìrun pé Fúnmi fẹ́ fẹ́ ọkùnrin ará Ghana kan tó ń wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá wa ní Ìkìrun, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí, gbọ́ pé mò ń lọ sí Hamburg, ó pè mí lórí fóònù.

Ó ní, “Bọ́sẹ̀, ìwọ ni ọkọ rẹ̀ tó wà nítòsí. Sọ fún ìyàwó wa pé kò sẹ́ni tó ní kó má lọ́kọ o. Ṣùgbọ́n bó bá máa lọ sílé ọkọ mìíràn, kó dá ọmọ wa padà sílé.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́, sà.” N kò jiyàn. Mo sọ fún ara mi pé ìránṣẹ́ lásán ni mí, pé ohun tí wọ́n bá fi sí mi lẹ́nu ni màá sọ.

Mo wọ U6, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, dé ibùdó Wedding. Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sí S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin orí ilẹ̀ tó ń yí gbogbo ìlú po, mo sọ̀ ní Messe Nord, mo fẹsẹ̀ rìn dé gáréèjì bọ́ọ̀sì. Gáréèjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pe èrò, kò sí ẹni tó ń fa báàgì mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Kálukú ń wo pátákó iná, ó sì ń dúró jẹ́jẹ́. Yúrò mẹ́rìnlá ni tíkẹ́ẹ̀tì mi, mo ti fi fóònù ra á láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ká ní mo dúró dọjọ́ náà ni, ó lè ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Níbí, ẹni tó bá tètè pinnu ló ń jẹ àǹfààní; ìnáwó ni ti ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe.

Obìnrin ni dẹ́rẹ́bà wa. Ará Poland ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó gbé báàgì mi kejì kó lè tì í sí abẹ́ ọkọ̀, ó fa imú. Gàrí kílò mẹ́ta ló wà níbẹ̀ àti ẹja gbígbẹ tí mo rà ní yúrò méjìlá ní ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú kan ní Müllerstraße.

Ó fi Jámánì bi mí pé, “Kí ló wà nínú èyí?”

Mo ní, “Ẹja ni.”

“Ṣé ó ti kú?”

“Ó ti kú, ó ti gbẹ, ó ti gbàgbé odò.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nílé àwọn náà, àwọn máa ń fi èéfín yan ẹja. Ó bi mí pé ta ni mò ń gbé e lọ fún. Mo ní ìyàwó mi ni. Ó tún wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mi orí, ó ní, “Ó dára. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti fẹ́ra?”

Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí mo sọ. Obìnrin lè fẹ́ obìnrin ní Germany, nítorí náà kò yà á lẹ́nu rárá. Mo wá ń ṣàlàyé nínú òjò pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni, pé lọ́dọ̀ tiwa gbogbo ọmọ ilé, ọkùnrin àti obìnrin, ni ọkọ fún ìyàwó tí wọ́n bá gbé wọlé. Ó fetí sílẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ló ní, “Nítorí náà, ọkọ púpọ̀ ló ní.” Ó ti ilẹ̀kùn abẹ́ ọkọ̀, ó lọ jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe tàbí àánú obìnrin tí kò rí rí ló ṣe é.

Ọ̀nà Hamburg tẹ́ bẹẹrẹ. Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ la fi rìn ín, ọkọ̀ kò já sí kòtò kan ṣoṣo. Igi tó ga tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́tùn-ún àti lósì, lẹ́yìn wọn ni àwọn òpó funfun gàgàrà tí ń fi atẹ́gùn ṣe iná mànàmáná. Kò sẹ́ni tó ń ta búrẹ́dì, kò sẹ́ni tó ń ta àgbàdo sísè, àwọn ọlọ́pàá ò sì dá wa dúró. Mo kí ẹni tó jókòó tì mí, ó dáhùn, ó ki nǹkan bọ etí, ó sì di Hamburg kí n tó tún gbóhùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìgbéraga. Wọ́n gbà níbí pé kí èèyàn má yọ ẹlòmíràn lẹ́nu ni ìwà ọmọlúàbí. Síbẹ̀, ẹnu a máa yún mi.

Nítorí náà mo tún ṣí ìwé ìtàn náà. Ìyàwó kan ni wọ́n gbé wọlé, láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ mọ́. *Bouma* ni gbogbo wọn ń pè é; ní èdè Bengali, ìyàwó ọmọ wa ló jẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ so kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ mọ́ etí aṣọ rẹ̀, bó bá ń rìn, ó ń dún. Ìyàwó yóò se oúnjẹ, yóò bù ú fún ọkọ, fún bàbá ọkọ, fún àwọn àbúrò ọkọ, yóò dúró tì wọ́n títí wọn ó fi jẹ tán, kó tó lọ jẹ ìyókù nílé ìdáná lóòró. Nígbà tí ọkọ kú, wọ́n gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Híńdù ilẹ̀ Bengal láyé àtijọ́, opó kì í jẹ ẹja, kì í jẹ ẹran, aṣọ funfun ni yóò máa wọ̀ títí ayé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin sì wà nínú ìtàn náà tó máa ń wá gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù kọ “ìnilára” sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé náà. Nígbà tí mo ka ìwé náà dé òpin, ó ti lé ní ogójì ibi tí mo kọ ọ́ sí.

Ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu nínú ìwé wọn ni ti owó orí. Lọ́dọ̀ wọn, ilé ìyàwó ló ń gbé ẹrù lọ fún ilé ọkọ. Bí ẹrù náà kò bá tó, orí ìyàwó ni wọn yóò ti gba ìyókù, nínú ìtàn mìíràn wọ́n á dáná sun ún. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ ni yóò gbé iṣu àti ọtí wá, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí wọ́n tó fún un níyàwó. Mo gbà pé ìyàtọ̀ yẹn ló kó wa yọ. Mo ti kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ojú ìwé kẹwàá.

Láti ibùdókọ̀ ńlá Hamburg, S-Bahn gbé mi dé Barmbek, bọ́ọ̀sì sì gbé mi dé Steilshoop. Bíi yúrò mẹ́jọ ni tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè fi wọ gbogbo ọkọ̀ ìlú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ará Steilshoop ti ń retí ọkọ̀ ojú irin tiwọn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ àwọn ilé gogoro náà. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣì ń wọ̀. Wọ́n kọ́ ilé náà yí àgbàlá po bí agboolé, àfi pé ọ̀pọ̀ agboolé ló gorí ara wọn. Àjà kẹjọ ni Fúnmi ń gbé.

Kí n tó tẹ aago ló ti ṣílẹ̀kùn, ó sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Eyínfúnjowó! Ọkọ mi dé! Ẹ kúuṣẹ́ ọ̀nà o!”

Ọmọ ilé ìwé girama ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé e wọlé wa. Láti ọjọ́ náà kò pe orúkọ mi rí. Eyínfúnjowó ló sọ mí nítorí eyín mi tó funfun. Ó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ, ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, tó ń gbé èèyàn dìde lórí ibùsùn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dùn ún. Mo ní kó dìde, ṣùgbọ́n mo rántí pé mo kọ́kọ́ jẹ́ kó kúnlẹ̀ tán. Ìkíni náà dùn mọ́ mi. Ní Berlin kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ kí mi.

Ògì gbígbóná àti àkàrà ti wà lórí tábìlì. Mo ní kí a jọ jẹun, ó ní, “Ẹ jẹ ná, ọkọ mi, màá jẹ.” Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń bi mí nípa Berlin. Mo jẹ àkàrà mẹ́fà. Ọmọ rẹ̀, Tèmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, jáde láti yàrá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ní, “Hallo, Tante Bọ́sẹ̀,” ìyẹn àǹtí, ó gbá mi mọ́ra. Ó ti ga jù mí lọ. Ojú Ṣẹ́gun ló wà lójú rẹ̀, ó sì dùn mí débi pé mo gbójú sínú ògì. Mo fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àkàrà rẹ̀ ló wà lẹ́nu mi. Mo ní ó di ìgbà tí mo bá ti Harburg dé.

Fúnmi ní òun máa bá mi lọ, òun ti gbàyè ọjọ́ náà níbi iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin náà gba orí odò Elbe kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa rí odò náà nítorí ó pín sọ́nà méjì níbẹ̀. Láàrin méjèèjì, ẹ ó máa wo àwọn ẹ̀rọ gígùn tí ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìlú tí ń dá dúró ni Harburg tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dà á pọ̀ mọ́ Hamburg, àwọn àgbà ibẹ̀ sì ṣì máa ń sọ pé àwọn ń lọ “sí Hamburg” bí wọ́n bá ń sọdá omi.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtàwé ni ìpàdé wà. Wọ́n ti gbé kọfí àti kéèkì tí wọ́n fi èso ápù ṣe kalẹ̀, mo sì rí i pé bí aago mẹ́ta ṣe lù gẹ́lẹ́ ni gbogbo ènìyàn ti jókòó. Bí ogún obìnrin ni. Fúnmi jókòó lẹ́yìn pátápátá. Mo sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo sọ ti kọ́kọ́rọ́, mo sọ ti oúnjẹ tí ìyàwó ń jẹ lóòró, mo sọ ti opó tí wọ́n gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n fi ìka kan tábìlì. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí nìyẹn fún ọ̀mọ̀wé dípò kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Àgbà obìnrin kan wá nawọ́. Shirin ni orúkọ rẹ̀, ará Bangladesh ni, ó ti ń gbé Harburg láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ Jámánì kí ó tó sọ ọ́ jáde.

Ó ní, “Ọmọ mi, o ṣàánú ẹni tí ń sunkún dáadáa. Èmi, kọ́kọ́rọ́ yẹn wà lára aṣọ mi rí. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ń gbóòórùn ẹnu ìyàwó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìkà ni mò ń ṣe. Ìtọ́jú ilé ni mo pè é. Lọ́dọ̀ tiyín, ta ló di kọ́kọ́rọ́ mú?”

Ẹ̀yin ará ilé, mo gbéra sọ. Mo ní ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀. Mo ní obìnrin wa ń ṣòwò, owó rẹ̀ tirẹ̀ ni. Mo ka ojú ìwé kẹwàá sí wọn létí. Mo ní bí ọkọ bá kú, a kì í pa opó tì. Mo wá fi ìyá mi ṣe àpẹẹrẹ: pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí bàbá mi kú, pé àbúrò bàbá mi ṣú ìyá mi lópó, ó fi í ṣe aya, ó rán wa nílé ìwé, ebi ò pa wá lọ́jọ́ kan. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bàbá Ìkìrun yìí kan náà ni.

Ìyáàfin Shirin ní, “Ó ṣeun. Kí ni ìyá rẹ wí nígbà tí wọ́n bi í?”

Mo ní, “Ó gbà.”

“Ṣé òun ló sọ fún ẹ?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, àwọn ọmọ kì í bèèrè irú ẹ̀. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi, ẹlòmíràn sì nawọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, Fúnmi ti gbójú sílẹ̀, ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà, ó kọ́kọ́ yìn mí. “Ọkọ mi, ẹ gbìyànjú gan-an. German yín sweet ju tèmi lọ.” Nígbà tí a dé orí odò, ó ní, “Ẹ jẹ́ iṣẹ́ tí Bàbá rán yín. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹja nìkan lẹ gbé wá.”

Èrò pọ̀ nínú ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wa. Mo jẹ́ ẹ bí Bàbá ṣe rán mi gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, ó sì dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́.

Ó ní, “Tọ́sìdeè tó ń bọ̀ ni Termin wa ní Standesamt.” Standesamt ni ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń so ìgbéyàwó pọ̀ níbí, Termin ni ọjọ́ àti aago tí wọ́n bá dá fún ni, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ kí èèyàn tó rí i. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti cancel ẹ̀. Mò ń retí pé kí ilé sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ní kí n má ṣe é, ọkọ mi, mi ò ní ṣe é. Ṣùgbọ́n Tèmi ò ní kúrò lọ́dọ̀ mi. Màá wà bẹ́ẹ̀ títí màá fi darúgbó.”

Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó wò mí bíi pé ìbéèrè náà tóbi jù fún ọkọ̀ ojú irin. Ó ní, “Mo fẹ́ràn ẹ̀, Àǹtí.”

Mo ní, “Kò sófin kankan ní Germany tó ní kó o gbàṣẹ lọ́wọ́ wa.”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ òfin? Ọjọ́ tí Ṣẹ́gun kú, ta ló wá? Ẹ̀yin lẹ wá. Ọmọ mi ò ní ẹbí bàbá míì. Tí mo bá fi agídí ṣe é, tí gbogbo yín bá kẹ̀yìn sí wa ńkọ́? Ta ló máa wá sọ fún un pé ọmọ Ìkìrun ni?” Omi ti dé ojú rẹ̀, ó sì ń wojú fèrèsé kí n má baà rí i.

A délé, ó fi gàrí tí mo gbé wá tẹ ẹ̀bà, ó fi ẹja náà se ẹ̀fọ́. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni. Ó gbé tèmi wá sórí tábìlì, ẹja bo ojú àwo. Ó fún Tèmi ní tirẹ̀. Ó padà sí ilé ìdáná. Mo fẹ́ bu òkèlè, nǹkan kan sì mú kí n dìde lọ wò ó. Ó dúró ti ẹ̀rọ ìdáná, ó ń fi ẹ̀bà nu inú ìkòkò. Egungun ẹja ló wà lórí ọmọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ojú tì mí. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Láàárọ̀, ó dúró síbẹ̀ kan náà tí mò ń jẹ àkàrà, n kò rí i. Mo rí i nínú ìwé, mo fi pẹ́ńsù sàmì sí i, mo gun ọkọ̀ láti Berlin wá sọ ọ́ fún àwọn aláwọ̀ funfun, wọ́n sì kan tábìlì fún mi.

Mo gbé àwo mi lọ bá a níbẹ̀, mo pín ẹja náà sí méjì. Ó ń kọ̀ ọ́, ó ń sọ pé “Ọkọ mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀,” Tèmi sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Ó gbọ́ Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ.

Ó ní, “Warum muss Mama dich fragen?” Ohun tó ń bi mí ni pé èéṣe tí ìyá òun fi gbọ́dọ̀ bi mí kó tó ṣe nǹkan.

Fúnmi ní, “Tèmi! Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn?”

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ronú ìdáhùn títí, gbogbo èyí tó wá sí mi lọ́kàn ló jọ ti inú ìwé. Àwọn àgbà wa ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nínú ọkọ̀ ojú irin, iṣẹ́ ẹrú ni mo jẹ́ bí ẹrú. Mo gbé àwo kalẹ̀.

Mo ní, “Fúnmi, ohun tí Bàbá wí lo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Gbọ́ tèmi. Ṣé ọkọ rẹ ni mí?”

Ó ní, “Ọkọ mi ni yín.”

“Ọkọ rẹ ní kó o lọ ṣègbéyàwó ẹ ní Tọ́sìdeè. Tèmi ò ní kúrò lọ́dọ̀ ẹ, ọmọ wa náà ni títí ayé. Mo tú ẹ sílẹ̀.”

Mo rò pé yóò dúpẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, ó ní, “Àǹtí, mi ò ní kí ẹ tú mi sílẹ̀. Mi ò sí nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kí ẹ wá dúró tì mí ni mo fẹ́. Kí ẹnì kan láti ilé Ṣẹ́gun jókòó síbẹ̀, kí ọmọ mi rí i.” Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Ṣé ẹ máa lè sọ ọ́ fún Bàbá bẹ́ẹ̀?”

Mo ní màá sọ ọ́. Ẹ̀rù Bàbá ń bà mí láti kékeré. A jẹ ẹ̀bà náà tán lóòró, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí kò sí àga nílé ìdáná. Tèmi ní ẹja náà ń rùn, ó sì jẹ jù wá lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo wọ bọ́ọ̀sì padà, yúrò mẹ́rìndínlógún lọ́tẹ̀ yìí. Dẹ́rẹ́bà mìíràn ni, kò bá mi sọ̀rọ̀. Òòrùn ti yọ. N kò ṣí ìwé kankan; mò ń tún ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún Bàbá sọ lọ́kàn mi, bí mo bá ti sọ ọ́ tán, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Wedding. Mo bọ́ bàtà, mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn mi, mo pe Ìkìrun.

Bàbá ní, “O ti dé? O kú ìrìn. Ṣé o jẹ́ iṣẹ́ mi?”

“Mo jẹ́ ẹ, sà. Mo sì jẹ́ tèmi mọ́ ọn.” Mo sọ gbogbo rẹ̀: ọjọ́ ìgbéyàwó, ti Tèmi, pé èmi gan-an ni màá lọ jókòó níbẹ̀ lórúkọ ẹbí.

Ó ní, “Ta ló fún ẹ láṣẹ?”

“Ẹ̀yin lẹ ní èmi ni ọkọ rẹ̀ tó wà nítòsí, sà.”

Ó ní, “Ìwé tí ò ń kà yẹn ti bà ẹ́ lórí jẹ́.” Kò jágbe. Ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ ká mi lára ju kó jágbe lọ, nítorí ọkùnrin yìí ló san owó ilé ìwé mi, n kò sì fẹ́ kó rò pé mo gbàgbé. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà.” Ó ní, “Bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀,” ó sì gbé fóònù fún Màmá mi.

Mo múra sílẹ̀ fún èébú. Màmá bi mí pé, “Ṣé ó fẹ́ràn ọkùnrin náà?”

“Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, mà.”

“Ìwọ lo bi í?”

“Èmi ni, mà.”

Ó ní, “O ṣeun tí o bi í.”

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí n kọ ohun tí mo rí lókè òkun ránṣẹ́, ohun tí mo rí lọ́tẹ̀ yìí kò pọ̀. Mo rí i pé mo ti bi obìnrin Íńdíà, mo ti bi ti Pakistan, mo ti bi ti Bangladesh, gbogbo wọn nínú ìwé, léèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn. Obìnrin tó bí mi, mi ò bi í rí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé tí bàbá mi ti kú.

Mo ní, “Màmá, nígbà tí bàbá wa kú, tí wọ́n ní kí Bàbá fẹ́ yín, ṣé ẹnì kan bi yín?”

Mo gbọ́ bí àga ṣe wọ́ nílẹ̀, mo gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ tó ń lọ.

Ó ní, “Dúró ná, Bọ́sẹ̀. Jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn.”